Ẹ̀jẹ̀ Ara Ẹni Fún Ìwòsàn Ojú Ọgbẹ́ Eyín: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ìjọ Mọ̀

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, ìyá kan tí ó ń tajà ní Ìbà wá bá wa ní ọ́fíìsì ìròyìn ìjọ. Ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, kò sì lè la ẹnu dáadáa. Ó ní eyín tí ó gbẹ̀yìn ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ òun ni ó ti ń yọ òun lẹ́nu láti bí oṣù mẹ́ta, àti pé òun ti lọ sí ilé ìwòsàn kan kí wọ́n lè fi iṣẹ́-abẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà sọ fún un pé àwọn yóò kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá rẹ̀, kí àwọn lè fi èròjà inú rẹ̀ dí ojú ọgbẹ́ náà, ṣe ni ó dìde lórí àga, tí ó gbé àpò rẹ̀, tí ó sì wọ ọkọ̀ padà sí ilé. Ìbéèrè méjì ni ó mú wá fún wa: kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ òun ṣe? Ṣé ó sì tọ́ kí onígbàgbọ́ gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láàyè?

A kò fi ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní àdúgbò wa, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà títí lọ dé Okokomaiko, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìròyìn àwọn ènìyàn búburú tí ń fi ẹ̀jẹ̀ ọmọnìkejì wọn wá owó, kò sì sí ẹni tí ó lè dá ẹni tí ó bẹ̀rù lẹ́bi. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará mìíràn ti béèrè irú ìbéèrè kan náà, àwọn olùṣọ́-àgùntàn pẹ̀lú sì ti béèrè ohun tí ó yẹ kí àwọn sọ fún ọmọ ìjọ tí ó bá wá gba ìmọ̀ràn. Ìdí nìyí tí a fi kọ àlàyé yìí.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá yọ eyín

Nígbà tí oníṣègùn bá yọ eyín, kòtò kan ni ó ń ṣí sílẹ̀ nínú èrìgì, ìsàlẹ̀ kòtò náà sì ni egungun àgbọ̀n wà. Ẹlẹ́dàá kò fi egungun náà sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹ̀jẹ̀ yóò kún kòtò náà, yóò sì dì níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì yìí ni ìbòrí àkọ́kọ́ tí egungun ní, òun náà sì ni ìpìlẹ̀ tí ẹran ara tuntun yóò gùn lé lórí kí ó tó bo ojú ọgbẹ́. Nítorí náà ni dókítà fi máa ń ní kí a gé òwú jẹ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí ó sì ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe yọ ẹnu, kí a má ṣe tutọ́ pẹ̀lú agbára, kí a má ṣe fi páìpù fa ohun mímu, kí a má sì ṣe mu sìgá ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá tú tàbí tí ó bá ṣí kúrò kí ó tó tó àsìkò, egungun yóò wà ní gbangba. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni ìrora ńlá yóò bẹ̀rẹ̀, èyí tí í máa gòkè lọ sí etí, tí ẹnu yóò sì máa rùn. Àwọn oníṣègùn ń pe èyí ní kòtò eyín gbígbẹ. Nínú ọgọ́rùn-ún eyín tí a bá yọ ní ìrọ̀rùn, kò wọ́pọ̀ kí ó ju 1 sí 5 lọ. Ṣùgbọ́n fún eyín tí ń hù gbẹ̀yìn ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, èyí tí ó máa ń yọ nígbà tí ènìyàn bá ti tó ọmọ ọdún 17 sí 25, tí ó sì máa ń há sínú egungun tí a fi ní láti fi iṣẹ́-abẹ gbé e jáde, iye náà lè tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí ń mu sìgá wà nínú ewu jù, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin tí ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ara ẹni ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Àwọn oníṣègùn rò ó pé bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìwòsàn, a lè mú èyí tí ó lágbára jù nínú ẹ̀jẹ̀ náà, kí a kó o jọ, kí a sì fi í sí ibi tí a ti nílò rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, yàtọ̀ sí èyí tí ó pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri àti èyí tí ó funfun tí ń bá àrùn jà, àwọn èròjà wínníwínní kan wà tí a ń pè ní platelet. Nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tí kò tóbi ju orí pín-ìn-nì lọ, ènìyàn tí ara rẹ̀ le ní láàárín 150,000 sí 450,000 wọn. Wọn kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 lọ kí ara tó fi òmíràn rọ́pò wọn. Àwọn ni wọ́n ń sáré lọ síbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti ya, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wọn láti dí i. Nígbà tí wọ́n bá sì ti dé ibẹ̀, wọ́n ń tú àwọn èròjà kan jáde tí ń pe àwọn òṣìṣẹ́ ara yòókù láti wá hu ẹran tuntun, láti la iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, kí wọ́n sì tún egungun ṣe.

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù lónìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní PRF. Ṣáájú iṣẹ́-abẹ náà, wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá aláìsàn, bí ìgbà tí a ń fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó gba nǹkan bí mílílítà 10 tàbí kí ó dín díẹ̀, tàbí ìgò méjì sí mẹ́ta, ni ó máa ń tó. Wọn kì í fi oògùn kankan sí i. Kíá ni wọn yóò gbé e sínú ẹ̀rọ kan tí ń yí i bírí-bírí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 12, ní bí ìgbà 2,700 sí 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò gbọdọ̀ pẹ́ kí wọ́n tó gbé e sí ẹ̀rọ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí a kò fi oògùn sí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì.

Ẹni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí yóò lóye ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò náà. Bí a bá fi ògì sílẹ̀ kí ó tòrò, èyí tí ó wúwo yóò sọ̀kalẹ̀, omi yóò sì dúró lókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ pípupa ń lọ sí ìsàlẹ̀ ìgò, tí omi rẹ́súrẹ́sú aláwọ̀ ìyeyè ń wà lókè. Ṣùgbọ́n ní àárín, nǹkan kan yóò dì bí wàrà. Okùn tíntín-tíntín tí ara ń hun nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dì, èyí tí a ń pè ní fáíbírìn, ni ó hun ún. Ó rí bí àwọ̀n apẹja, púpọ̀ nínú àwọn platelet náà sì há sínú àwọ̀n náà. Èyí tí ó wà ní àárín yìí ni oníṣègùn yóò mú. Yóò gé ẹ̀jẹ̀ pípupa kúrò ní ìdí rẹ̀, yóò rọra tẹ̀ ẹ́ kí omi inú rẹ̀ lè dínkù, yóò fi í sínú kòtò eyín, yóò sì rán èrìgì lé e lórí. Kì í ṣe lójú kan náà ni àwọn èròjà ìwòsàn inú rẹ̀ ń tán. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tú jáde fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá wa àkọ́kọ́ rọrùn. Inú ọgbẹ́ ara rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń padà sí, lórí àga kan náà, ní ọjọ́ kan náà. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù, ṣe ni wọ́n ń kó o dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí ilé ìwòsàn.

Ibi tí ìmọ̀ náà ti wá

Ní ọdún 1998, oníṣẹ́-abẹ ará Amẹ́ríkà kan, Robert Marx, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí bí èròjà ẹ̀jẹ̀ tí platelet pọ̀ nínú rẹ̀ ṣe ran egungun àgbọ̀n tí wọ́n tún ṣe lọ́wọ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní PRP. Ó gba kí a fi oògùn dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí ó má dì, kí a sì tún fi oògùn mìíràn mú un dì nígbà tí a bá fẹ́ lò ó. Ní ọdún 2001, Joseph Choukroun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé mú ọ̀nà PRF tí a ṣàlàyé lókè yìí jáde, èyí tí kò fẹ́ oògùn kankan, tí ó sì dín iṣẹ́ àti owó kù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó nìkan ni èyí. Ní ọdún 2011, Ogundipe, Ugboko àti Owotade, àwọn oníṣẹ́-abẹ ẹnu ní Ilé-Ifẹ̀, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-abẹ ẹnu ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀. Àwọn tí wọ́n yọ eyín ìkẹyìn ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ fún ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n fi èròjà PRP láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan sí ojú ọgbẹ́ wọn, wọn kò sì fi sí ti àwọn yòókù. Àwọn tí wọ́n fi sí fún ní ìrora tí ó kéré jù. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ni ó ṣe iṣẹ́ náà, lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, ní ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà wa ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò.

Ohun tí kò lè ṣe

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa, nítorí pé àsọdùn kì í ṣe ẹ̀rí. Ní ọdún 2020, àjọ Cochrane, tí ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti gbogbo àgbáyé tí ó sì ń wọ̀n wọ́n wò, gbé àyẹ̀wò rẹ̀ jáde lórí yíyọ eyín ìkẹyìn ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Wọ́n ní fífi PRP tàbí PRF sí kòtò eyín lè dín iye àwọn tí ń ní kòtò gbígbẹ kù, ṣùgbọ́n pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò tíì lágbára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìrànlọ́wọ́ ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Ọ̀pọ̀ jù lọ ojú ọgbẹ́ eyín ni ó ń sàn fúnra rẹ̀ láìsí PRF. Ẹni tí eyín rẹ̀ bá yọ ní ìrọ̀rùn, tí kò ní àrùn mìíràn, kò pàdánù nǹkan ńlá bí wọn kò bá ṣe é fún un. Kò lè pa àrùn tí ó ti wọ inú egungun. Kò lè rọ́pò oògùn apakòkòrò nígbà tí dókítà bá rí i pé ó yẹ. Kò sì lè gba ẹni tí ó bá lọ mu sìgá ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yọ eyín rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá polówó rẹ̀ fún yín gẹ́gẹ́ bí ohun tí ń wo gbogbo àrùn sàn, ẹ rọra máa lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tìrẹ, ọwọ́ ta ni?

Ohun tí ó ká wa lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni, àwọn kan ń sọ pé kò sí ewu kankan. Òtítọ́ ni pé kò sí àrùn tí yóò ti ara ẹlòmíràn wá nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí a fi fà á ńkọ́? Ìgò tí a gbà á sí ńkọ́?

Ní ìlú Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, ilé ìṣaralóge kan wà tí ó ń fi èròjà láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn oníbàárà gún ojú wọn kí ojú náà lè dán. Ìjọba ti ilé náà pa ní ọdún 2018. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ìdènà àrùn, CDC, kéde pé ó kéré tán àwọn oníbàárà mẹ́ta ni ó kó kòkòrò HIV ní ilé náà. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn ni wọ́n lọ lò, síbẹ̀ wọ́n kó àrùn ẹlòmíràn, nítorí pé ibẹ̀ kò mọ́, tí wọ́n sì ń tún ohun tí ó yẹ kí a lò lẹ́ẹ̀kan kí a sì sọ nù lò. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó lè ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà Àgbádárìgì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe tijú láti béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó na apá yín:

Ta ni yóò ṣe é? Oníṣègùn eyín tí ó ní ìwé àṣẹ ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ṣé abẹ́rẹ́ àti ìgò tuntun ni? Kí wọ́n já a ní ojú yín.

Ṣé wọ́n kọ orúkọ yín sí ara ìgò náà? Bí aláìsàn bá ju ẹyọ kan lọ ní ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan kò gbọdọ̀ bọ́ sí ẹnu ẹlòmíràn.

Ṣé iná mànàmáná wà tí kò ní ṣẹ́ títí ẹ̀rọ náà yóò fi parí iṣẹ́? Bí iná bá lọ ní agbede méjì, ẹ̀jẹ̀ yóò dì lásán.

Èló ni, àti pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe é? Dókítà rere yóò dáhùn èkejì tọkàntọkàn.

Ẹ̀yin náà pẹ̀lú ní ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà: bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, bí ẹ̀jẹ̀ yín bá jẹ́ SS, bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, títí kan aspirin, bí ẹ bá lóyún, tàbí bí ọgbẹ́ kékeré bá ti mú yín ṣẹ̀jẹ̀ pẹ́ rí. Ẹni tí platelet rẹ̀ kéré tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì dáadáa lè má jẹ́ ẹni tí ọ̀nà yìí yẹ fún.

Ṣé ó tọ́ fún onígbàgbọ́?

Ìbéèrè kejì tí ìyá wa béèrè kò ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tí ọkàn wọn ń ṣiyèméjì sábà máa ń tọ́ka sí ìwé Léfítíkù orí 17 àti Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 15. Ohun tí orí méjèèjì ń bá wí ni jíjẹ ẹ̀jẹ̀. Níhìn-ín, ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ̀jẹ̀, a kò fi í bọ ohunkóhun, a kò sì gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ tí ì bá ṣàn wá sí ojú ọgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni a fi ọgbọ́n kó jọ síbẹ̀. Bí ọkàn ẹnìkan kò bá sì gbà á síbẹ̀, kí a má ṣe fi agbára mú un. Ó lè yọ eyín rẹ̀ láìsí i. A bẹ ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn pé kí ẹ sọ èyí yékéyéké, nítorí pé ọmọ ìjọ tí ẹ̀rù bá ń bà yóò kọ́kọ́ wò yín lójú kí ó tó wo dókítà.

Ewu tí ó tóbi ju abẹ́rẹ́ lọ

Ohun tí a ń bẹ̀rù jù fún àwọn ènìyàn wa kì í ṣe pé wọn kò rí PRF lò. Ìbẹ̀rù wa ni pé kí ìbẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ má jẹ́ kí ẹnìkan fi eyín tí ó ti bàjẹ́ pamọ́ sí ẹnu, kí ó máa fi ògógóró yọ ẹnu, kí ó sì máa ra oògùn ìrora lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri nínú ọkọ̀. Àrùn láti inú eyín ìsàlẹ̀ lè wọ abẹ́ ahọ́n àti ọrùn. Oníṣègùn ará Jámánì kan, Ludwig, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ láti ọdún 1836. Ó lè dí ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì ń pa ènìyàn títí di òní.

Bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú tí ó sì le, bí ahọ́n bá gbé sókè, bí itọ́ kò bá ṣeé gbé mì, bí ibà bá mú ẹni náà tàbí tí mímí bá di iṣẹ́, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ kejì, ẹ má sì ṣe dúró de ìparí ìṣọ́ òru. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jù lọ, kí wọ́n lè fi í ránṣẹ́ síwájú bí ó bá yẹ. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn oníṣẹ́-abẹ ẹnu wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ní LASUTH ní Ìkẹjà. Ọ̀nà láti Okokomaiko jìn, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ kò sì mojú ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ìgbà tí eyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dunni ni ó dára kí a lọ. Àdúrà wa yóò bá yín lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Kò ní kí ẹ jókòó sílé.

Ní ti ìyá wa ará Ìbà, ó padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì bá a lọ. Ó béèrè ìbéèrè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì já abẹ́rẹ́ tuntun ní ojú rẹ̀. Ìgbà tí a tún rí i, ó ń kọ orin pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là. A kò ní sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ṣe é, nítorí pé ọgbẹ́ náà ì bá ti sàn láìsí i. Ohun tí a mọ̀ dájú ni pé ó padà lọ kí ó tó pẹ́ jù. A sì ń gbàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú lónìí náà ṣe bẹ́ẹ̀.